OGUN ÀGBỌ́TẸ́LẸ̀: Ìtàn Káàdì Ìwọ̀n Ọmọdé ti Ìmẹ̀sí-Ilé, àti Ohun Tí Ó Kàn Wá ní Èkó-Èndé

Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ní ayé ogun, ìlú tí ó bá fẹ́ wà láàyè kò gbọdọ̀ ṣe aláìní alóre. Iṣẹ́ alóre kì í ṣe láti jà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó dúró níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó ọ̀nà jíjìn, kí ó rí eruku ẹsẹ̀ ọ̀tá nígbà tí ọ̀tá kò tíì dé ẹnu odi, kí ó sì ké kí ará ìlú gbọ́. Ní ọdún 1878 tí a ja ogun Jálumi ní Ìkìrun, àti ní gbogbo ọdún tí ìbọn Kírìjí fi ń dún ní ẹ̀yìn òkè Ìgbájọ, ìlú tí alóre rẹ̀ bá sùn ni à ń kó lẹ́rú. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni a ti tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ogun náà ní oṣù September ọdún 1886.

Ogun ìbọn ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ogun mìíràn kò tíì kúrò láàárín wa, èyí ni ogun tí ń kó àwọn ọmọdé lọ. Ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé kan náà, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìwé àlàáfíà yẹn, ni a ti rí alóre kan tí ó yẹ fún irú ogun yìí. Alóre náà kò gbé ìbọn, kò sì gun orí òkè. Káàdì kékeré kan ni, tí ìyá ọmọ ń mú lọ́wọ́. Gbogbo ayé ni ó wá kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ ìlú wa ní ọdún yìí, kì í ṣe nítorí adùn ìtàn nìkan, bí kò ṣe kí á lè bi ara wa léèrè pé: ta ni alóre àwọn ọmọdé Èkó-Èndé?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ìyá wa àtijọ́ kò ní ọgbọ́n ìṣọ́ra. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọmọ kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Bí ìyá bá ń wẹ ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ a kan okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà. Bí okùn bá ń fún ọmọ, inú ìyá a dùn, a sì tún un sín. Bí okùn bá ń yọ̀ sílẹ̀ sí itan, ìyá mọ̀ pé ọmọ ń rù, kò sì ní sinmi títí yóò fi mọ ohun tí ó fà á.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìyá nìkan ni ó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá, kò sí àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè wò. Bí ọmọ bá sì kú, tí èyí tí a bí tẹ̀lé e náà kú, a óò wí pé àbíkú ni. Èyí tí a bá tún bí yóò máa jẹ́ Málọmọ́, tàbí Dúrójayé, tàbí Kòsọ́kọ́. Àwa kò sọ èyí láti fi àwọn baba wa ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí ó sin ọmọ mẹ́rin láàárín ọdún méje kì í ṣe ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí à ń wí ni pé orúkọ àbíkú kì í jẹ́ kí á béèrè ohun tí ó pa ọmọ gan-an.

Àwọn ará Gá ní Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana nísinsìnyí, fún irú ikú bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ó súnmọ́ òtítọ́. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Cicely Williams kọ̀wé nípa àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní kwashiorkor. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn ni àìsàn tí ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò bá gba ipò rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ a wú, irun rẹ̀ a pupa, awọ ara rẹ̀ a máa bó, ọmọ náà kò sì ní rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí oyún tuntun, tí a wá ń fi ẹ̀kọ mímu àti iṣu nìkan bọ́, ni àìsàn yìí ń bá jà. Ẹ wò ó bí àwọn ará Gá ti mọ̀ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ṣáájú ni ó bí àìsàn náà. Síbẹ̀ kò tíì sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe lè rí i kí ẹsẹ̀ ọmọ tó wú.

Ní Iléṣà ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ sí. Lónìí ó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní ọdún 1956 ni dókítà David Morley dé sí ibẹ̀ láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ń gbé wá ni a gbé dé nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bí a bá tilẹ̀ fi ibùsùn kún ibùsùn, èyí kò lè mú kí wọ́n dé lásìkò. Nítorí náà ó wá ohun mìíràn ṣe. Ní ọdún 1957, òun àti nọ́ọ̀sì Margaret Woodland, pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí a ń bí ní ìlú náà sílẹ̀, wọ́n sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn láti ọjọ́ ìbí títí wọn yóò fi pé ọdún márùn-ún. Àwọn ọmọ náà ju 400 lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe aláìsàn nìkan ni wọ́n ń wá kiri. Gbogbo ọmọ ni, àti èyí tí ara rẹ̀ le koko.

Ohun tí wọ́n bá kò dùn ún gbọ́. Kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tí ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tí a ń bí. Àwọn ohun tí ń pa wọ́n kì í ṣe àjèjì sí wa: òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, ikọ́ líle, àti èéyi tí ń sú wẹ́wẹ́ sí ara ọmọ. Ní ìlú Òyìnbó ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni èéyi ń ṣe tí wọ́n sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níhìn-ín ó ń pa ọmọ, èyí tí kò bá sì pa, yóò fi sílẹ̀ ní egungun, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni yóò sì kọjá kí ó tó padà sí ìwọ̀n tí ó wà tẹ́lẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ara rẹ̀ tó mókun, ó di ikú.

Àkọsílẹ̀ Ìmẹ̀sí-Ilé fi ohun kan hàn tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Bí ọmọ bá kú láàárín wa, àwọn tí ó wá bá wa kẹ́dùn a máa béèrè pé, kí ni ó ṣe é? A óò dáhùn pé, ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó fi ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń wọn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, ní ìgbà púpọ̀ a óò rí i pé ìwọ̀n rẹ̀ kò ti gòkè mọ́ láti oṣù méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ni à ń pè é. Oṣù mẹ́ta ni ó ti wà nínú ilé pẹ̀lú wa. Ojú lásán kò rí i, nítorí ojú tí ń rí ọmọ lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé ọmọ ń rù. Òṣùwọ̀n ni ó rí i.

Báyìí ni a ṣe ṣe káàdì náà, tí a pè ní Ọ̀nà sí Ìlera. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a to oṣù ọjọ́ orí ọmọ sí láti ìgbà ìbí títí di ọdún márùn-ún, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a sì to ìwọ̀n sí. A ya ìlà méjì tí ń gòkè lọ jẹ́jẹ́ sínú rẹ̀, àárín àwọn ìlà méjèèjì sì ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn dá ń gbà. Bí ìyá bá gbé ọmọ wá, a óò wọ̀n ọ́n, a óò fi àmì kan sí ojú oṣù náà, a óò sì fi ìlà so ó pọ̀ mọ́ àmì ti oṣù tí ó kọjá. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, kí á yọ̀. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, alóre ti ké nìyẹn. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀tá ti dé ẹnu odi. Ibi tí ìlà dojú kọ ni kí á wò ju ibi tí àmì kan ṣoṣo wà lọ, nítorí ọmọ tí ó kéré tí ìlà rẹ̀ ń gòkè sàn ju ọmọ tí ó tóbi tí ìlà rẹ̀ ti dúró. Ìyá tí kò mọ̀wé rárá lè mọ èyí, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí ń gòkè yàtọ̀ sí èyí tí ń sọ̀kalẹ̀.

Lórí káàdì náà a tún ya àyè kan sọ́tọ̀ fún ìdí tí a fi ní láti ṣọ́ àwọn ọmọ kan ju àwọn yòókù lọ: ọmọ tí a bí ní ìbejì, ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré nígbà tí a bí i, ọmọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, ọmọ tí ìyá tàbí baba rẹ̀ ti kú, ọmọ tí ìyá àti baba rẹ̀ ti pínyà. Ẹ wò ó, àwọn ọmọ tí à bá pè ní àbíkú wà nínú wọn. Dípò kí a fún wọn ní orúkọ, a fún wọn ní olùṣọ́.

Lójú tiwa, ohun kan tún wà tí ó ga ju gbogbo èyí lọ. Ní ayé ìgbà náà, ilé ìwòsàn ni ó máa ń tọ́jú ìwé aláìsàn. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ọwọ́ ìyá ni a fi káàdì sí, nínú àpò ọ̀rá, pé kí ó mú un lọ sílé. Àwọn kan rò pé yóò sọnù tàbí pé èkúté yóò jẹ ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀ dáradára, àwọn káàdì tí ó sọnù kò sì tó nǹkan. Láti ọjọ́ náà ni ìyá kò ti jẹ́ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí mọ́. Ó di ọ̀kan nínú àwọn alóre.

Alóre tí ó bá sì ké, ó yẹ kí a dá a lóhùn. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ náà láìdúró de dókítà. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ bá tẹ́, a óò wo ibà, ikọ́ àti inú rẹ̀, a óò sì bá ìyá sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kì í ṣe wàrà inú agolo tí apá tálákà kò ká ni wọ́n ń sọ, bí kò ṣe ohun tí ó wà ní ọjà wa: kí á má fi ẹ̀kọ lásán bọ́ ọmọ, kí á fi ẹ̀wà tí a bó tí a sì gún kúnná tàbí ẹ̀pà tí a lọ̀ sí i, kí á má sì já ọmọ lẹ́nu ọmú lójijì. A mọ̀ pé àwọn kan gbàgbọ́ pé bí ọmọdé bá ń jẹ ẹyin àti ẹran yóò di olè. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi ìbínú lé lọ. Ìlà tí ń gòkè lójú ìyá ni ó ń dá a lóhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni a sì dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wò níbẹ̀, a sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1964.

Kò pé ọdún mẹ́wàá tí ikú ọmọdé fi dínkù gidigidi ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Nígbà tí a fi ìlú náà wé Òkè-Ìmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì, tí kò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà náà, ikú àwọn ọmọ tí ó ti pé ọdún kan tí wọn kò tíì pé márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé kò tó ìdajì ti ìlú kejì. Ọ̀kan náà ni ilẹ̀ wọn, ọ̀kan náà ni oúnjẹ wọn, ọ̀kan náà ni ìtàn wọn. Ìṣọ́ra àti ìdáhùn ni ó fi ìyàtọ̀ sí i.

Morley kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 1961, ó lọ ń kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù, káàdì náà sì bá a kọjá òkun. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó gbà á. Nígbà tí àwọn ìjọba àgbáyé pàdé ní Alma-Ata ní ọdún 1978 láti sọ̀rọ̀ ìlera alábọ́ọ́dé, irú iṣẹ́ tí Ìmẹ̀sí-Ilé ti ń ṣe ni wọ́n ń béèrè. Ní ọdún 1982, àjọ UNICEF fi wíwọn ọmọ ṣe ọ̀kan nínú àwọn ohun mẹ́rin tí ó fẹ́ kí gbogbo ayé fi gba ọmọdé là. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ìlera ilẹ̀ wa láti 1985 títí di 1992, sì sa gbogbo ipá rẹ̀ láti mú irú ìlera bẹ́ẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlà tuntun jáde láti inú ìwọ̀n àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Ghana sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ tí a bá fún ní ọmú àti oúnjẹ tí ó tó, tí a sì tọ́jú, bákan náà ni yóò ṣe dàgbà ní Accra àti ní ilẹ̀ Norway. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún wí pé bí ọmọ tiwa ti ń kéré nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òpìtàn kò gbọdọ̀ sọ apá tí ó dùn nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ní ilẹ̀ wa àti ní òkèèrè, iṣẹ́ náà di àṣà lásán. A ó wọn ọmọ, a ó fi àmì sí káàdì, a ó sì wí fún ìyá pé kí ó máa lọ. Kò sí ẹni tí ó wo ìlà, kò sí ẹni tí ó bá ìyá sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, wọn kò rí èrè púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí kò yà wá lẹ́nu. Òṣùwọ̀n kì í wo ọmọ sàn. Alóre tí ó rí ọ̀tá tí kò ké, àti ìlú tí ó gbọ́ igbe tí kò dìde, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ọ̀tá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé irú ìṣọ́ra yìí ju agbára àwọn ará ìlú kékeré lọ, kí ó rántí sòbìà. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka àwọn tí sòbìà ń ṣe ní gbogbo Nàìjíríà ní òpin àwọn ọdún 1980, wọ́n ju 650,000 lọ. Kò sí abẹ́rẹ́ fún un, kò sí oògùn tí ń pa á nínú ara. Ohun tí ó lé e lọ ni pé a yan ènìyàn nínú abúlé kọ̀ọ̀kan tí ń ka àwọn tí ó ní in, tí ó sì ń ròyìn wọn lóṣooṣù, a sì ń kọ́ ará abúlé láti fi aṣọ sẹ́ omi mímu. Ẹni tí ó ní in kan ṣoṣo, bí a bá ti gbọ́ nípa rẹ̀, a ó lọ bá a. Ní oṣù November ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé Nàìjíríà ti bọ́. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá ni alóre ogun náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 132 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, àti pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni ó kúrú ju bí ó ti yẹ lọ. Mélòó ni ti Èkó-Èndé? Ìbéèrè yìí ni ó kó wa láyà jẹ bí a ti ń kọ ìwé yìí. Adágún odò Ọ̀tìn wà ní ilẹ̀ wa, a sì mọ̀ pé ẹni tí ń ṣọ́ adágún a máa wo bí omi ti ga tó kí ó tó kún bo ilẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ gbà ju omi lọ.

Nítorí náà a gbé ìmọ̀ràn yìí ka iwájú Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú ìlú wa. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ìyá méjì tí gbogbo ènìyàn fọkàn tán. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀. Kí wọ́n rí i pé ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì, àti pé ó ń gbé ọmọ lọ fún ìwọ̀n lóṣooṣù. Fún ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà, okùn ìwọ̀n apá tí a kùn ní àwọ̀ mẹ́ta wà pẹ̀lú, tí ìyá fúnra rẹ̀ lè kọ́ bí a ti ń lò ó. Bí apá òkè ọmọ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, àwọ̀ pupa ni yóò fi hàn, kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ó bá wà láàárín 11.5 àti 12.5, àwọ̀ ìyeyè ni, ìkìlọ̀ ni, kí a tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe kí á sì máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá tó 12.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ ewé ni, kí á dúpẹ́.

Kí a sì ka iye àwọn ọmọ tí ìlà wọn tẹ́ sí etígbọ̀ọ́ ìpàdé, gẹ́gẹ́ bí akápò ti ń ka ìṣirò owó. Kí á má dárúkọ ọmọ kankan, kí ojú má baà ti ìyá kankan. Iye nìkan ni kí á kà. Bí iye náà bá pọ̀ ju ti irú oṣù bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá, pàápàá ní àwọn oṣù òjò tí iṣu àtijọ́ ti ń tán tí tuntun kò tíì tó wà, kí ìlú mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, kí á sì dìde kí ó tó dé. Kí á ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ fún owó ọkọ̀ ìyá tí kò ní, àti fún ẹ̀wà ilé tí ebi ń pa. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ náà ní ipa tiwa. Bí a bá ń pe orúkọ ní àárọ̀ tí ọmọ kan kò dáhùn ní ọjọ́ mẹ́ta léra, àbúrò ọmọ náà ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè.

Iṣẹ́ yìí kò béèrè ilé ńlá tàbí owó òkèèrè. Ìwé ìkọ̀wé, òṣùwọ̀n, okùn, àti ènìyàn tí yóò dìde nígbà tí a bá ké ni ó béèrè. Àwọn ìlú tí ó yí wa ká, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, lè ṣe é pẹ̀lú, inú wa yóò sì dùn bí wọ́n bá ṣe é jù wá lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ti wà lọ́jà pẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á gbọ́ igbe alóre kí ó tó di igbe ọ̀fọ̀.